Ìbọn Tí Ó Gba Ọwọ́ Òsì Bàbá Mi

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1988, ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èmi àti bàbá mi wọ ṣọ́ọ̀bù oníbọn kan tí kò jìnnà sí Beresford Square ní Woolwich, nílùú òyìnbó. Àkókò náà dá mi lójú nítorí pé mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń palẹ̀ àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ mi àtijọ́ mọ́, kí n lè ráyè fún èyí tí mo kó bọ̀ láti yunifásítì, ni ìwé kékeré kan bá já bọ́. Kí n tó ṣí i ni mo ti gbóòórùn rẹ̀: òróró ìbọn, tó jọ epo ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀, tó sì jọ àdí díẹ̀. Àmì àtàǹpàkò bàbá mi ṣì wà lẹ́yìn ìwé náà, ó ti pọ́n bí omi tíì.

Òórùn yẹn ni mo fẹ́ tẹ̀ lé lónìí, fún ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ kò bá wa gbé Glyndon Estate nígbà náà. Ohun tí mo fojú rí, máa sọ pé mo rí i. Ohun tí wọ́n sọ fún mi, máa sọ pé wọ́n sọ fún mi ni.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni bàbá mi. Ọmọ ọdẹ ni, láti Òkè-Ògùn, ṣùgbọ́n ó lé ní ogójì ọdún kó tó yìnbọn fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Wọ́n nà án títí ó fi ń fi ọ̀tún jẹun, wọ́n nà án títí ó fi ń fi ọ̀tún kọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú òsì ló fi ń wo ọ̀kánkán, kò sì sẹ́ni tó lè na ojú. Ó ṣàlàyé fún mi pé lára ṣakabùlà bàbá òun, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ẹ̀tù ti ń gbaná, ẹni tó bá sì gbé e lé èjìká òsì, ojú ara rẹ̀ ni iná yóò bù lọ. Nítorí náà, bàbá rẹ̀ kò kọ́ ọ, àbúrò rẹ̀ ló sì jogún ìbọn. Daddy kì í ráhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ pé òun yóò ní ìbọn kan tó gba ọwọ́ òun kí òun tó kú.

Ní Woolwich, kò sí ẹtu, kò sí ìgalà. Àwọn ẹyẹlé tí ń ṣa ṣípùsì, ọ̀dùnkún díndín, jẹ lábẹ́ àwọn ìsọ̀ Beresford Square nìkan ló wà, ìjọba kò sì ní fún ẹnikẹ́ni ní láísẹ́ǹsì nítorí ìyẹn. Ó lọ wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń yìnbọn sí bébà ní ọ̀sán Sátidé. Oṣù mẹ́fà ló fi lo ìbọn ẹgbẹ́ kí wọ́n tó gbà á tán, gbogbo ìbọn wọn ló sì jẹ́ ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Mummy ní ọkọ òun ń wá ìyàwó kejì, ó ní ohun tó dùn mọ́ òun nínú rẹ̀ ni pé èyí kì í jẹun.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Daddy mú mi dání torí pé ìwé kíkọ mi mọ́, ó sì fẹ́ kí a kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀ kí ojúkòkòrò má bàa tàn án. A gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ńlá ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ àgbá ìbọn fún ọba nígbà kan. Lọ́jọ́ yẹn, ìbọ̀sẹ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń tà níwájú rẹ̀.

Bàbá òyìnbó arúgbó kan ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ó so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn pẹ̀lú okùn. Ó tẹ́ aṣọ àwọ̀ ewé sórí káńtà, ó gbé ìbọn mẹ́ta lé e, ó ní ọta kékeré kan náà ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tó na àkọ́kọ́ sí Daddy, Daddy fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì tẹ orúnkún bí ẹni tí ń gba ọmọ tuntun. Ọkùnrin náà rọra bi í bóyá ẹ̀yìn ń dùn ún.

Àkọ́kọ́ ní irin kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tí a óò gbé sókè, tí a óò fà sẹ́yìn lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. Èyí tí Daddy ti ń bá jìjàkadì ní ẹgbẹ́ nìyẹn. Èkejì ń kó ọta sẹ́nu fúnra rẹ̀. Ìka nìkan ló kù fún ènìyàn láti máa tẹ̀. Daddy kò tilẹ̀ gbé e dé èjìká. Ó ní ìbọn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn ronú láàrin ọta méjì, òun kò fẹ́ ẹ. Ẹ̀kẹta ní lífà lábẹ́, irin kan tó rí roboto bí etí ife ńlá. A óò ti ìka mẹ́ta bọ̀ ọ́, a óò tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a óò fà á padà, ọta mìíràn yóò sì gòkè. Kò mọ ọ̀tún, kò mọ òsì. Daddy gbé e lé èjìká òsì, ó di ojú ọ̀tún, ó tẹ lífà náà sílẹ̀, ó fà á padà. 

Mo bi ọkùnrin náà èwo ló ń ba àmì jù. Ó wò mí, ó ní òun kò ní purọ́: bí àmì bá jìnnà, èyí tó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ka á sókè fún Daddy, nítorí pé iṣẹ́ tó gbé fún mi nìyẹn.

Ó dá mi lóhùn láì gbé ojú kúrò lára ìbọn náà. "Wọ́n ní kí n fi ọ̀tún jẹun, mo fi jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí n fi kọ̀wé, mo kọ ọ́. Ọ̀kan ṣoṣo yìí, ọwọ́ mi ni máa fi ṣe é."

Ọkùnrin náà ní òun yóò bá a fi í pamọ́ títí láísẹ́ǹsì yóò fi jáde. Daddy ra àpótí irin kan, ó kàn án mọ́ ògiri yàrá rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí ọlọ́pàá tí yóò wá yẹ ilé wò.

Níbí ni àṣìṣe wa ti wọlé. Ní agboolé wọn, ọdẹ kì í tọ́jú ìbọn kó tún tọ́jú ẹ̀tù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tàbí àgbà nínú àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní í mú ẹ̀tù sọ́wọ́, kí ọkùnrin má bàa fi ìbínú yìnbọn. Ẹ̀gbọ́n Daddy ni a ń pè ní Àǹtí Thamesmead, tí ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́ rẹ̀, tí kì í sì í pa ìsìn jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa. Òun ló tọ́jú ẹ̀tù bàbá wọn láti ìgbà ọmọdé. Nítorí náà, ọjọ́ tí àpótí dé, Daddy kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì lọ fún un.

Ọlọ́pàá dé ní oṣù Kìn-ín-ní. A fi í jókòó sórí àga tó dára jù, a gbé ṣin-ṣín àti móòtì síwájú rẹ̀. Ó wo ògiri, ó mi àpótí, ó ní iṣẹ́ náà dára. Ó wá bèèrè, pẹ̀lú ṣin-ṣín lẹ́nu, ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ní Thamesmead," ni Daddy wí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé ìdáhùn yìí ló máa gba máàkì jù.

Ọlọ́pàá náà dẹ́kun jíjẹ. Ó kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́. Kò pariwo, ó ṣàlàyé pé ẹni tó ni láísẹ́ǹsì nìkan ni kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ìbáà jẹ́ ìyàwó. Ó ní òun kò lè buwọ́ lù ú báyìí, òun yóò padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ohun tó bá rí bá tún rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Thamesmead. Àǹtí kò tíì bọ́ sùtánà. Daddy ro ẹjọ́. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí sọ ìtàn kan fún wa, tí èmi kò lè jẹ́rìí sí. Ó ní ọdẹ kan bá ará ilé rẹ̀ jà lórí ààlà oko, ó sáré wálé wá bèèrè ẹ̀tù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jókòó lé kèrègbè ẹ̀tù náà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní òwúrọ̀, ó fún un ní ẹ̀tù, ọdẹ náà lọ sígbó, ó sì gbé ẹyẹ ẹtù tó pa wá dúpẹ́.

"Ṣé òyìnbó yẹn ló máa jókòó lé e fún ẹ?" ni Àǹtí bi í.

Daddy ní bí òun kò bá gba kọ́kọ́rọ́, ìbọn kò ní wọlé, òun yóò sì kú láì mọ bó ṣe rí. Kò bẹ̀bẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹtí tú etí áńkáṣífù funfun rẹ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì síta.

"Ìlú tí a bá dé, òfin wọn là á pa. Gbà. Ṣùgbọ́n fóònù wà, Àkànní. O kò gbọdọ̀ ṣí i láì kọ́kọ́ pè mí."

Ọlọ́pàá padà wá, ó bá kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Daddy, láísẹ́ǹsì sì jáde ní oṣù Kẹta, ìbọn náà wọlé. Láti ìgbà náà, ní gbogbo Sátidé, ní nǹkan bí agogo kan ọ̀sán, mo máa ń gbọ́ ìpè wọn lórí fóònù nínú kọ́rídọ̀. Àǹtí a bi í pé, "Àkànní, ọkàn rẹ mọ́?" Daddy a ní, "Ó mọ́, ẹ̀gbọ́n mi." Ó di ohun tó ń sọ bó ṣe ń so okùn bàtà. Mummy ní bí ìjọba bá gbọ́n, ìbéèrè kan yìí ì bá ti tó gbogbo fọ́ọ̀mù wọn.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1991, ní àárọ̀ Sátidé kan, Àǹtí ló kọ́kọ́ pè. Àwọn kan ti sọ òkúta gba fèrèsé rẹ̀ wọlé, gíláàsì sì ti gé e lọ́wọ́. Kì í ṣe ilé rẹ̀ nìkan. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, àwa dúdú mọ ọ̀nà tí a kì í dá gbà ní Thamesmead. Daddy gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó, kò jẹun. Nígbà tí agogo kan lù, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó sì pè é, nítorí pé ó ti ṣèlérí. Fóònù náà ń pariwo, mo sì gbọ́ Àǹtí ketekete.

"Àkànní, ọkàn rẹ mọ́?"

Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, mo ka á dé ọ̀kànlá.

"Kò mọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dáa. Wá bá mi gbá gíláàsì."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó mú òòlù àti pákó, a sì lọ. Mo gbá ilẹ̀, òun kan pákó mọ́ fèrèsé. Ọwọ́ òsì ló fi di òòlù mú. N kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kí Àǹtí tó bi í, mi ò sì fẹ́ fi ẹ̀sùn kan bàbá mi lórí ohun tí kò ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àpótí náà kò ṣí lọ́jọ́ náà.

Àǹtí ti padà sílé ní Òkè-Ògùn láti ọdún 1994, kò sì sí fóònù nínú ilé tó kọ́. Mo wà ní yunifásítì nígbà náà, n kò lè sọ bí Daddy ti ń ṣe é ní àwọn Sátidé tí n kò sí nílé. Ìsọ̀ pọ̀ sí i ní Beresford Square, oníbọn yẹn ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀, orí Daddy sì ti funfun.

Ṣùgbọ́n mo wà nílé ní Sátidé tó kọjá. Ó so okùn bàtà rẹ̀, ó dúró níwájú àpótí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò sì ṣí i. Ó wú ikọ́ díẹ̀. Ó tún wú u. Ìgbà yẹn ló yé mi pé èmi ni obìnrin tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo gbé ìwé tí mò ń kà sílẹ̀.

"Daddy, ọkàn yín mọ́?"

 Ó rò ó ná.

"Ó mọ́."

Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́ẹ̀kan. Agogo kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni.