Ọjọ́ Tí Alhaji Gàníyù Bi Peckham Léèrè Bóyá Ayé Tẹ́ Pẹrẹsẹ

Kò sí Yorùbá kan ní Peckham tí kò tíì gbọ́ nípa ọjọ́ Sátidé tí olóògbé Alhaji Gàníyù dúró sẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ reluwé ní Rye Lane, tó mú tẹ̀súbà lọ́wọ́, tó ń bi gbogbo ẹni tó bá ti kí i ní Yorùbá léèrè bóyá ayé tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni àkọ́kọ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni Moyinolúwa, ọmọge tó ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ibùdókọ̀ náà.

"Ẹ káàsán sà." Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, òòyà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ǹjẹ́ o gbà pé ayé yìí tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Háà! Ṣé kò rí roboto bí ọsàn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó rí bẹ́ẹ̀ náà sà."

Alhaji fa ọmọ tẹ̀súbà kan láti fi kà á. Simeon tó ń ta ẹran ló tún kọjá. Òun ní, "Bàbá, ohun tẹ́ ẹ bá ti wí náà ni. Ṣé kí n bá yín gé ṣàkì?" Alhaji fa ọmọ mìíràn. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí oòrùn fi yí. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé bàbá arúgbó kan ló ń ṣe àsíkìrì láti fi tọrọ àánú, ìyá kan sì ju owó sínú fìlà tó ṣí sílẹ̀ nítorí ooru. Alhaji padà sílé pẹ̀lú èsì pé orí Peckham dàrú ju orí Amẹ́ríkà lọ, àti owó búrẹ́dì.

Kó tó fẹ̀yìn tì, bọ́ọ̀sì ló ń wà, láti Elephant and Castle wá sí Peckham, lílọ bíbọ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ "mo ti sanwó" lẹ́nu ẹni tí kò san kọ́bọ̀ kò ní gba ọmọ aráyé gbọ́ mọ́. Alhaji gba Ọlọ́run gbọ́, ó gba Ànábì gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, káàdì ọkọ̀ rẹ dà?

Ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ tó rí lórí ìjókòó ọkọ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kan ṣèwádìí ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe èèyàn díẹ̀ ló gbà pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ, pé kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá rí, àti pé alángbá tó gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀ ló ń ṣèjọba lé wọn lórí. Alhaji gbé e wá sí mọ́ṣáláṣí, ó sì kà á fún wa lẹ́yìn ìrun Àsárì.

"Alángbá!" ó ní. "Alángbá ilé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ló mọ̀ ju kó máa mi orí lọ? Bó bá dépò àṣẹ, àbá wo ni kò ní fọwọ́ sí?"

A rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wá. Àwa yìí kan náà la gbà pé màláíkà méjì wà pẹ̀lú wa, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ọwọ́ wa sílẹ̀. A gbà á, a ò sì ní yẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oníwèé ìròyìn bá wá bi wá ní òpópónà, ará Amẹ́ríkà ni ẹ̀rín yóò kàn.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ òṣùpá. Lọ́dọọdún ni Mùsùlùmí Lọ́ńdọ̀nù máa ń jà lórí ọjọ́ tí ààwẹ̀ yóò parí: àwọn kan ní Saudi làwọn ń tẹ̀ lé, àwọn kan ní àfi bí ojú àwọn bá rí oṣù. Inú ẹgbẹ́ olójú ni Alhaji wà. Lọ́dún kan, ó kó wa gun òkè ilé ìgbọ́kọ̀sí kan ní ìrọ̀lẹ́, òun àti Sìdíkàt ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n bí síbí. A wo ojú ọ̀run títí ọrùn fi ń ro wá.

"Allāhu Akbar!" Alhaji na ọwọ́. "Òun nìyẹn!"

Gbogbo wa rí i. Alfa Nasrullah tó ń ṣáájú wa kírun pàápàá rí i.

"Daddy, wait," Sìdíkàt wí. "Òṣùpá yẹn ń rìn o."

"Dákẹ́ ńbẹ̀! Kí lo mọ̀ nípa òṣùpá?"

"Daddy, Heathrow ló ń lọ."

Kó tó sọ bẹ́ẹ̀, a ti dì mọ́ ara wa, a ti ń kí ara wa kú ọdún, nítorí bàálù tó ń gbé àwọn èèyàn padà láti ibi ìsinmi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ló gbé Alhaji lọ sí Rye Lane lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Àsúmáù ìyàwó rẹ̀ jà, obìnrin náà sì ti pa oògùn rẹ̀ tì. Ará Amẹ́ríkà kan ló rí lórí fóònù, ọkùnrin tó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà, tó máa ń jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní oògùn yẹn ni ìjọba fi ń ṣọ́ àwọn èèyàn, òun ló sì ń mú àdúrà wọn wúwo tí kò fi lè gòkè. Ó ní omi, fínígà àti ìgbàgbọ́ ti tó. Dókítà tó ń tọ́jú Àsúmáù gan-an ti kìlọ̀ fún Sìdíkàt pé bí ìyá rẹ̀ ò bá padà sídìí oògùn, àrùn rọpárọsẹ̀ lè kọ lù ú nígbàkigbà.

"Àsúmáù, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ nínú mọ́tò!" Alhaji wí.

"Ẹ̀yin náà, níbo lẹ ti ṣiṣẹ́ ní gbogbo ayé yín, Alhaji?"

"Irọ́ ló ń pa!"

"Ẹ wo iye èèyàn tó gbà á gbọ́. Ṣé gbogbo wọn lè jọ ya wèrè pọ̀ ni?"

Ìdí nìyí tí Alhaji fi mú tẹ̀súbà. Ó fẹ́ fi han ìyàwó rẹ̀ pé bí èèyàn bá bi Yorùbá tí orí rẹ̀ pé léèrè, kò sẹ́ni tó máa gba ìranù. Nígbà tó dé, tó sọ èsì fún un, Àsúmáù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣebí mo ti wí? Ó ku ẹ̀yin nìkan ní gbogbo Peckham."

Alhaji wá mú Alfa Nasrullah lọ sílé. Alfa ṣàlàyé dáadáa: pé Ànábì ní ká wá ìwòsàn, pé kò sí àrùn tí Ọlọ́run sọ̀ kalẹ̀ tí kò sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Àsúmáù kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Alfa. Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ ó pẹ́ fún wa." Alfa ò tíì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tí Àsúmáù ti ń da fínígà sínú ife.

Alhaji jókòó gbì sórí àga. "Sìdíkàt! 'Bẹ́ẹ̀ ni' wa yìí kì í ṣe ìdáhùn. Ìkíni ni!"

"Daddy, mo sọ fún yín. Moyinolúwa ní tẹ́ ẹ bá ní ewúrẹ́ lòun, òun máa ní bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Àwọn ará Amẹ́ríkà wá ńkọ́? Àbí àwọn náà kàn ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bi wọ́n ni?"

"Americans? Ọ̀wọ̀? Nah, Daddy. Wọ́n kàn fẹ́ kí ẹni yẹn jẹ́ kí wọ́n sinmi ni. Èmi náà, tí wọ́n bá pè mí lẹ́nu iṣẹ́ pé wọ́n ń ṣe survey, màá ní èmi gan-an ni alángbá yẹn."

Alhaji gbé ọ̀rọ̀ yìí wá bá wa ní mọ́ṣáláṣí, ó ní iye ẹni tó gba nǹkan gbọ́ lóòótọ́ láyé yìí, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. A ní "Àmín." Lẹ́yìn náà la wá ń wo ara wa. Ẹnì kan wà nínú wa tó lọ sílé lọ́jọ́ yẹn tó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé nínú gbogbo àmín tòun, èwo ni ìgbàgbọ́, èwo ni ìkíni.

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé Àsúmáù ti padà sídìí oògùn. Alhaji ní àlàyé òun ló borí. A ní bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji.

Ìgbà òtútù tó kọjá ni Alhaji sùn tí kò jí mọ́. Lọ́jọ́ fìdáù rẹ̀, yàrá kún fọ́fọ́. Ẹnì kan dá ọ̀rọ̀ bàálù sílẹ̀, ẹlòmíì sọ ti Rye Lane, ẹ̀rín sì gba ilé. Àsúmáù náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni Alfa bi í pé, "Mummy Sìdíkàt, ẹ dákun, àlàyé wo gan-an ni Alhaji fi borí yín?"

"Àlàyé kẹ̀?" Obìnrin náà fi etí ìborùn nu ojú. "Ó wọlé lọ́jọ́ kan, kò jiyàn. Ó jókòó sí kíṣìnì níbi tí mo ti ń dáná. Mo ní, 'Ṣé ara yín yá?' Ó ní, 'Àsúmáù, mi ò mọ̀. Bóyá ọkùnrin inú mọ́tò yẹn ń parọ́, bóyá òótọ́ ló ń sọ, mi ò lè búra. Ìdajì ohun tí mo fi gbogbo ẹnu sọ láyé mi, mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mi ò lè dá jẹun nínú ilé yìí.' Ó wá bú sẹ́kún. Gàníyù!"

Ó kọjú sí Alfa.

"Alfa, ẹni tó mọ gbogbo nǹkan pọ̀ lórí fóònù mi. Ẹni tó sọ fún mi pé òun ò mọ̀, ẹyọ kan péré ni mo rí. Ni mo bá gbé oògùn náà mì, mo sì bu oúnjẹ fún un."

Sìdíkàt lọ dúró lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wa. Oòrùn ti ń wọ̀, àwọn kan sì ti ń wá bàtà wọn. Àsúmáù dìde.

"Níbo lẹ ń lọ? Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wá bá mi jẹun."

Gbogbo wa la ti jẹ àjẹyó. Alfa Nasrullah, tó ti bu ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì, ló kọ́kọ́ padà jókòó, tó sì na àwo rẹ̀.