Teryo Afọṣọ Lójú Òkun Súlù

Bí wáìnì pupa bá dà sára aṣọ funfun, tí ẹ sì bu omi gbígbóná lé e, ẹ ti kọ́lé fún un níbẹ̀ nìyẹn. Omi tútù ni, kíákíá. Teryo ló kọ́ mi. Eleuterio Magbanua ló wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí àwa òṣìṣẹ́ ń gbé, kò sẹ́ni tó ráyè orúkọ gígùn bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi fọṣọ nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́. Mo bá a ṣe méje nínú rẹ̀, èmi nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ aṣọ, òun nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ ńláńlá mẹ́fà, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, tí omi òkun ga ju àjà rẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Létí odò ní Tibiao, ní ìpínlẹ̀ Antíkè nílẹ̀ wa, ni obìnrin náà ti ń fọ aṣọ àwọn olùkọ́ àti ti fadá. Teryo á jókòó sórí àpáta, á máa bá a di ọṣẹ mú. Ó máa ń sọ pé òun ti mọ òórùn ọrùn aṣọ fadá kí òun tó mọ Baba Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, á wò mí lójú, torí èmi ni mo ń ṣáájú Rósárì nísàlẹ̀ ọkọ̀. Díkónì ni wọ́n ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí bíṣọ́ọ̀bù tó gbọ́wọ́ lé mi lórí rí.

Kò gbéyàwó. Ìyá rẹ̀ ló ń pè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Màmá náà kò mọ fóònù dì mú, á gbé e sún mọ́ra jù, iwájú orí rẹ̀ nìkan ni Teryo á máa rí.

"Màmá, ẹ gbé e jìnnà díẹ̀, kí n rójú yín."

"Ṣé o ò gbọ́ mi ni?"

"Mò ń gbọ́ yín. Ojú yín ni mi ò rí."

"Ojú mi ṣì wà níbi tó wà. Ṣé o ti jẹun?"

Ọdún mẹ́rin ló fi bá iwájú orí sọ̀rọ̀. Bí àdéhùn iṣẹ́ bá parí, nǹkan á ṣẹlẹ̀: nígbà kan ẹni tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ ṣàìsàn, nígbà kejì ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi oṣù mẹ́fà kún un. Ó ní Kérésì tó ń bọ̀ lòun á wà nílé. Ní oṣù Kẹta, Màmá kú.

Nílẹ̀ wa, a kì í gbé ìyá sin nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ bá wà lọ́nà. Wọ́n tẹ́ ẹ sí pálọ̀ nínú pósí onídígí, àwọn aládùúgbò ń wá ṣọ́ ọ lálẹ́, wọ́n ń ta káàdì, wọ́n ń mu kọfí. Salbasyon, àbúrò Teryo, ránṣẹ́ sí i: "Fọkàn balẹ̀. Bí o ò bá sọ pé ká gbé e, a ò ní gbé e." Ọkùnrin tó ń tọ́jú òkú sọ fún wọn pé oògùn tí òun fi sí i lè gbé e dé Sátidé. Lẹ́yìn Sátidé, pẹ̀lú oòrùn tó mú yìí, òun ò lè ṣèlérí.

Míísà ìsìnkú bọ́ sí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé. Ọkọ̀ wa yóò dé èbúté Puerto Princesa ní Ọjọ́bọ̀. Teryo á bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, á wọ ọkọ̀ òfurufú, á wọ bọ́ọ̀sì, á dé ilé lọ́jọ́ Ẹtì. Àyè ọjọ́ kan péré ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó fún ẹni tó kàn fẹ́ rójú ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ la ń gbàdúrà fún Màmá nínú yàrá ìfọṣọ. Bí a bá ṣe tán, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ sí yàrá rẹ̀ tààrà, kí òkú má baà tẹ̀ lé e wọlé. Nílé, èèyàn á yà sí ṣọ́ọ̀bù kan. Lórí ọkọ̀, ibo la fẹ́ yà sí? A á rọ́ lọ sí yàrá ìjẹun, a á mu kọfí tí kò wù wá, nítorí ìyá Teryo.

"Màmá yìí ò ní jẹ́ kí n sùn," Nelda á wí. Ọmọ Aklan, tó múlé ti Antíkè, ni, òun ló ń tún yàrá àwọn èrò ṣe lókè. "Kọfí ọjọ́ kẹsàn-án rèé o, Ẹ̀gbọ́n Teryo. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa lọ."

Teryo á rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan ń bá ìyá òun ṣeré.

Lọ́jọ́rú, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí a dé èbúté, iná lọ.

Ẹ̀rọ ńlá ìsàlẹ̀ ló bàjẹ́, ló bá dá gbogbo ọkọ̀ dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún méje, mo gbọ́ omi òkun tó ń fọwọ́ gbá ara irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dákẹ́ pẹ̀lú aṣọ nínú wọn. Iná ló ń ṣí ilẹ̀kùn wọn, nítorí náà wọ́n tì pa. Nelda tan tọ́ọ̀ṣì wọlé.

"Díkónì, ẹ jẹ́wọ́. Ìkòkò ìrẹsì oníná tí ẹ fi pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló pa iná ọkọ̀."

"Tèmi kéré. Lọ bi àwọn ará Sẹ́bù, ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń yan."

A rò pé wákàtí kan ni. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ní kí gbogbo wa gòkè. Ooru ti lé àwọn èrò kúrò nínú yàrá, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì síta, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò ṣe é lò mọ́. Àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án la fi ń gbé omi inú korobá gòkè. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ èrò di Teryo lọ́wọ́ mú, ó bi í pé ìgbà wo niná á dé. Teryo ní, "Láìpẹ́, Mà." Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ní ká máa sọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a ṣe Rósárì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kan. Mo wo Teryo, tí òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo dìde níwájú gbogbo wọn, mo ní:

"Teryo, gbọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, iná á dé. Wàá délé. Wàá rójú ìyá rẹ. Ọlọ́run ti gbọ́."

"Àmín," ni gbogbo wọn wí. Àmín ti Teryo ló ròkè jù.

Ta ló rán mi níṣẹ́? Títí di òní mò ń bi ara mi.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, akọ̀wé àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́ tábìlì síta. Ó ní rédíò tó ń lo bátìrì ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ọkọ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ pàjáwìrì lè kọ gbólóhùn méjì, wọn yóò fi ránṣẹ́ ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Teryo kọ tirẹ̀: *Ẹ dúró dè mí. Mò ń bọ̀.*

Máàpù wà lórí tábìlì náà. Akọ̀wé fi ìka hàn án ibi tí a wà, ní Òkun Súlù. Ọgọ́jọ máìlì péré ni Antíkè sí wa. Teryo wá bá mi níbi tí mo ti ń pọn omi, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Díkónì, omi tó ń lu etíkun wa nìyí o. Omi yìí gan-an. Láti ọdún mẹ́rin, mi ò sún mọ́ ilé tó báyìí rí."

"Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Ọlọ́run ń gbé ẹ lọ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó wakọ̀ yára díẹ̀."

Nígbà tó di ọ̀sán, tí oòrùn wà ní àtàrí, iná dé! Ariwo tó sọ lókè ju ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lọ. Àwọn èrò ń dì mọ́ àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún wọn. Mo kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, omi sì dà sí mi lára. Mo pariwo: "Teryo! Ṣé mi ò sọ? Ṣé mi ò sọ?"

A sáré lọ sísàlẹ̀. Iná pupa ara ẹ̀rọ ìfọṣọ ti di aláwọ̀ ewé. Ó tẹ bọ́tìnì, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ṣí.

Òórùn tó jáde nínú rẹ̀ tì mí sẹ́yìn. Aṣọ tábìlì ni, igba, tí wọ́n ti wà nínú omi ọṣẹ láti àárọ̀ àná, nínú ooru tó lè bọ ẹyin. Ó ti kan. Teryo ṣí ìkejì, ó ṣí ìkẹta. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìnura, gbogbo rẹ̀ ló ti yí padà. Kò sáré ṣí omi tuntun sí i, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ì bá kọ́kọ́ ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Ó fa aṣọ kan jáde, ó gbé e sún mọ́ imú, ó dúró bẹ́ẹ̀.

Iná tún lọ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Lókè, a gbọ́ bí ariwo ayọ̀ ṣe di ìkérora. Èmi ò rí Teryo nínú òkùnkùn, ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́.

"Màmá kì í jẹ́ kí aṣọ sùn sínú omi. Bí òjò bá ń rọ̀, bí ara rẹ̀ ò yá, á fún un, á sá a sínú ilé. Ó ní ìwà ìkà ni, kéèyàn ti fọ nǹkan mọ́ tán, kó wá fi sílẹ̀ kó rà."

Mo mọ ibi tó ń lọ. "Teryo, dúró ná. Iná tó dé lẹ́ẹ̀kan lè tún dé. Ìgbàgbọ́ ló ń—"

"Díkónì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀ díẹ̀. Inú pósí ni Màmá wà. Ọjọ́ kejìlá rèé. Nítorí èmi ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ síbẹ̀."

"O fẹ́ rójú rẹ̀."

"Mo fẹ́ rí i. Mo fẹ́ rí i gan-an ni." Mo gbọ́ bó ṣe fi aṣọ náà sílẹ̀. "Ẹ bá mi tan tọ́ọ̀ṣì sí àtẹ̀gùn."

Ó bá akọ̀wé kó tó di agogo mẹ́fà. Ó ní kó fún òun ní ìwé òun padà. Ó fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ àárọ̀, ó kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀: *Ẹ sin Màmá ní Sátidé. Ẹ má dúró dè mí.*  Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún un.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò lè ṣáájú àdúrà. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Irọ́ ni. Mo béèrè iná lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó kàn tó láti ṣí ilẹ̀kùn. Mi ò mọ̀ bóyá ìdáhùn nìyẹn, tàbí wáyà lásán ló fọwọ́ kan wáyà. Nelda ló ṣáájú. Ó fo àdììtú Rósárì kan, kò sẹ́ni tó bá a wí.

Ní Sátidé, ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá fà wá kò tíì dé. Ìwé Teryo ti dé ọwọ́ Salbasyon láti ọjọ́ Ẹtì, wọ́n sì ti ń múra nílé, ṣùgbọ́n àwa ò tíì mọ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kó lu mẹ́sàn-án, àwa méje tí a ti ìhà Antíkè wá dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, nídìí irin ìfaratì. Teryo bi ọ̀gá kékeré kan tó ń kọjá pé ìhà ibo ni Antíkè wà. Ọkùnrin náà wo kọ́ńpáàsì ọwọ́ rẹ̀, ó nawọ́: "Ibẹ̀ yẹn." A kọjú síbẹ̀. Omi nìkan ló wà níbẹ̀, àti oòrùn.

"Ẹ ṣáájú, Díkónì," Teryo wí. "Ẹ má sọ pé ọ̀fun."

Mo bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ kì í dúró lójú kan, omi ń rọra yí i bí igbá tó léfòó. Kí a tó parí ẹ̀wá àkọ́kọ́ nínú ìlẹ̀kẹ̀ Rósárì, oòrùn ti kúrò níwájú wa, ó ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Teryo sún ẹsẹ̀, ó tún ara rẹ̀ kọjú síbi tó yẹ, gbogbo wa sì sún tẹ̀ lé e. Ẹ̀wá kejì, a tún sún. Nelda tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

"Ẹ dákun, Ẹ̀gbọ́n. Àdúrà yìí ti fẹ́ di ijó."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. Teryo gan-an rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ẹ̀wá kẹrin, ọkọ̀ ti yí tó bẹ́ẹ̀ tí a fi kẹ̀yìn sókun pátápátá. Ògiri irin funfun ọkọ̀ ló wà níwájú wa, ó ga, kò sí fèrèsé kan lára rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Teryo," Nelda sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ògiri la kọjú sí yìí o. Ṣé ká dúró kó yí padà?"

Teryo wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mẹ́sàn-án ti kọjá dáadáa. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sára irin náà, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá áyọ́ọ̀nù ti gbóná tó.

"Rárá," ó wí. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n wà. Ẹ máa bá a lọ, Díkónì."

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi náà gbé ọwọ́ kan lé irin, mo fi èkejì wá ìlẹ̀kẹ̀ tó kàn, mo sì ní, "Mo kí ọ, Màríà."