Bí Kò-sí-ńbẹ̀ Ṣe Yan Ààrẹ

Ẹni tó bá ń wá alágbàfọ̀ àdúgbò náà, kó má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Kò-sí-ńbẹ̀ ni kó béèrè. Àwọn aládùúgbò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ ìjọsìn bá dé, tí gbogbo ilé ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n wá wo ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá, alágbàfọ̀ kò sí ńbẹ̀. Wọ́n wàásù fún un títí ó fi sú wọn. Àwọn náà ló sì tún ń gbé aṣọ wá fún un.

"Kò-sí-ńbẹ̀, ọ̀run àpáàdì ń dúró dè ọ́ o."

"Ó dáa. Ẹ̀wù yìí ńkọ́, ìgbà wo lẹ fẹ́ ẹ?"

"Kó tó di ọjọ́ ìjọsìn."

"Ẹ rí i pé mo ṣì wúlò kí n tó dé ọ̀hún."

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gùn, kò fẹ̀. Lẹ́yìn ni kòtò sìmẹ́ńtì méjì wà, ọ̀kan fún aṣọ funfun, ọ̀kan fún aláwọ̀. Láàárín ni okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí bí òjò bá ń rọ̀. Níwájú, lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí títì, ni tábìlì tí ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wé, tí ó ti ń lọ aṣọ. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì, a máa rán bọ́tìnnì tó já, a máa ká èyí tí wọ́n ti lọ̀ tán. Rédíò kan wà lórí pẹpẹ láàárín ike ọṣẹ àti páálí sítáàsì. Àwọn ìbejì ti lọ sílé ọkọ. Ó ku àwọn méjì.

Ohun kan wà tí alágbàfọ̀ yìí kì í fi ṣeré. Kò ní gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ láìbi ọ́ pé, "Níbo ló ti bàjẹ́, kí ló bà á jẹ́?" Ìwọ fúnra rẹ ni wàá fi ìka sójú àbàwọ́n náà. Kì í ṣe àṣejù. Omi gbígbóná tó dára fún epo, bó bá kan ẹ̀jẹ̀, ó ti dè é mọ́ aṣọ nìyẹn. Ohun tó ń pa tádàwà kì í pa ìpẹtà. Bí o bá parọ́ fún un, aṣọ rẹ ni yóò jìyà irọ́ náà. Síbẹ̀, ojú a máa ti ènìyàn. Ọkùnrin kan gbé ṣẹ́ẹ̀tì wá, ó ní kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ìdọ̀tí lásán ni. Alágbàfọ̀ tẹ́ ọrùn ẹ̀wù náà síwájú fèrèsé.

"Àtíkè rèé."

"Áà, ti ìyàwó mi ni."

"Ìyàwó rẹ kì í kun àtíkè. Èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀."

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì ní tirẹ̀ kì í pa ilé ìjọsìn jẹ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ra ni wọ́n ti ṣe àdéhùn: ìyàwó kò ní fi àdúrà lé ọkọ kiri, ọkọ kò ní fi àdúrà ìyàwó ṣe yẹ̀yẹ́. Àdéhùn náà dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí alágbàfọ̀ máa ń sọ lemọ́lemọ́, pé ẹni tí kò ní aṣáájú ìjọ, orí ara rẹ̀ ló fi ń ronú, orí náà sì tó o lò. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ títí. Kò gbà, kò kọ̀.

Ọdún ìdìbò wá dé. Àwọn mẹ́ta ló ń du ipò ààrẹ. Agbẹjọ́rò ni ọ̀kan, ẹni tó ti pẹ́ nílé aṣòfin. Olùkọ́ ni èkejì, obìnrin tó ti ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ rí, tí kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba kó má kọ́kọ́ gbàdúrà. Ẹnjiníà ni ẹ̀kẹta. Wọ́n ní kì í lọ sí ilé ìjọsìn kankan.

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ti alágbàfọ̀ gbọ́ ìyẹn, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí ìbátan tó ti sọnù. Òun náà kì í lọ. Ó yọjú lójú fèrèsé, abẹ lọ́wọ́.

"Kò-sí-ńbẹ̀! Ọkùnrin yìí, tiwa ni."

"Mo gbọ́."

"Wọ́n bi í pé níbo ló ti ń jọ́sìn, ó ní, 'Nílé mi.' Ó wá rẹ́rìn-ín báyìí." Ó rẹ́rìn-ín náà kí wọ́n lè rí i. "Ó yé mi kíá."

"Oníbàárà rẹ ń dúró. Ẹ̀gbẹ́ kan irùngbọ̀n ṣì wà lójú ẹ̀."

Alágbàfọ̀ kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó ti mú Ẹnjiníà.

Ní ọjọ́ ìjọsìn kan, Ìyá Ìbejì dé, ó sọ ìborùn rẹ̀ sórí tábìlì, kò ká a. Obìnrin tí kì í rí aṣọ nílẹ̀ kó má ká a. Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Bàbá Ìbejì, ẹ rántí pé aṣáájú wa ní Ọlọ́run fi Agbẹjọ́rò han òun?"

"O sọ fún mi."

"Lónìí, ó ní Olùkọ́ ni Ọlọ́run fi han òun."

Alágbàfọ̀ pa ẹnu rẹ̀ dé gbọin. Àdéhùn ni àdéhùn.

"Ẹ rín in. Mo fún yín láyè."

"N ò rẹ́rìn-ín."

"Imú yín ń gbọ̀n." Ó fa àga, ó jókòó. "Ó ti sú mi. Mo gba Ọlọ́run gbọ́, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn kọ́ ni Ọlọ́run. Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín lẹ ti ń sọ pé orí ara yín lẹ fi ń ronú. Ó dáa. Ẹni tí ẹ bá mú lèmi náà máa dìbò fún. Ta ni?"

"Ẹnjiníà."

"Nítorí kí ni?"

"Kì í gbé àdúrà lọ síbi òṣèlú. Kì í tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ..."

"Ohun tó máa ṣe ni mo bi yín. Ibi tí kì í lọ lẹ̀ ń sọ fún mi."

Alágbàfọ̀ ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ̀wù tó wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ ò mọ nǹkan kan nípa ọkùnrin náà ju pé ó jọ yín lọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin náà ti ní ìjọ. Onígbàjámọ̀ ni aṣáájú yín."

Ọ̀rọ̀ náà bà á níbi tó máa ń dùn ún. Ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́, ì bá ti fún un lésì. Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó rí i pé ó ti tutù, ó tún gbé e kalẹ̀. Ohun tó ti fi ń yangàn láti ìgbà èwe ni obìnrin yìí gbé sórí ìwọ̀n. Bí kò bá lè fi han ìyàwó ara rẹ̀ bí ẹni tí kò ní aṣáájú ṣe ń yan ààrẹ, a jẹ́ pé ariwo lásán ló ti ń pa látọdún yìí wá.

"Fún mi láyè díẹ̀," ló wí. "Kó tó di ọjọ́ ìdìbò, màá fún ọ ní ìdí tó ṣe é dì mú."

"Mo ti gbọ́. Mò ń retí yín."

Ó rò ó lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó ń fún aṣọ àwọn akọrin, ó ń rò ó. Iṣẹ́ ni àwọn mẹ́ta yìí ń wá. Wọ́n fẹ́ kí ará ìlú gba àwọn wọlé, gẹ́gẹ́ bí òun ṣe ń gba aṣọ wọlé. Gbogbo ènìyàn tó bá dé iwájú tábìlì òun ni òun ń bi ní ìbéèrè. Àwọn wọ̀nyí nìkan ni òun kò bi ní nǹkan kan, tí òun ti na ọwọ́ gbà wọ́n.

Ilé iṣẹ́ rédíò bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn olùdíje lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, kí ará ìlú lè fi fóònù bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Alágbàfọ̀ kì í bá fóònù rẹ́. Ìyá Ìbejì ló bá a pè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Alágbàfọ̀ ni ọkọ mi, òun ló rán mi níṣẹ́. Ó ní kí n bi Ẹnjiníà pé, nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe, èwo ló bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ni wọ́n sì ṣe sí i?"

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbéèrè gidi nìyẹn. Ó ní òun kọ́ afárá, òun la ọ̀nà. Èyí tó bàjẹ́ nínú wọn, àwọn tó gba iṣẹ́ lẹ́yìn òun ló bà á jẹ́. Èyí tí kò parí, àwọn ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀. Alágbàfọ̀ na ọwọ́, ó yí ohùn rédíò wálẹ̀.

"Ọkùnrin yìí kò ní àbàwọ́n kankan."

"Ṣé kò wá dáa bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó ti pẹ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí. Aṣọ tí wọ́n ti wọ̀ tí kò ní àbàwọ́n, ṣé o ti rí i rí?"

Ó dùn ún. Ó ti fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Nígbà tó kan Agbẹjọ́rò, Ìyá Ìbejì tún pè. Agbẹjọ́rò ní ẹlẹ́ran ara ni òun, kò sẹ́ni tí kò lẹ́ṣẹ̀, kí Ọlọ́run dárí ji gbogbo wa.

"Ṣé ó ti dáhùn nìyẹn?" ni alágbàfọ̀ béèrè.

"Ó ṣe àmín," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. Kò rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ ló kẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ gbàdúrà. Alágbàfọ̀ lọ da omi kòtò nù, ó fọ kòtò, ó padà dé, àdúrà kò tíì parí. Ìgbà tó yá, Ìyá Ìbejì bi obìnrin náà ní ìbéèrè kan náà.

"Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí a kọ́ nígbà tí mo jẹ́ mínísítà," ló wí. "Òrùlé wọn ń jò. Èmi ni mo fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ náà dára, n kò sì dé ibẹ̀ lọ wò ó. Àwọn ọmọ ń kàwé nínú òjò. Nígbà tí mo gbọ́, mo ní kí àwọn tó kàn án padà lọ tún un kàn. Látìgbà náà, n kì í fọwọ́ sí ohun tí n kò fojú ara mi rí. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ṣì ń jò títí dòní. Ẹ̀bi mi ni."

Olóòtú rédíò gan-an ní òun kò retí irú èsì bẹ́ẹ̀.

"Òun ni," ni alágbàfọ̀ wí.

Ìyá Ìbejì wò ó. "Ẹni tí aṣáájú wa mú?"

"Òun náà."

"Ẹ̀yin àti aṣáájú wa lẹ wá fẹ́ jọ tò sẹ́yìn obìnrin kan?"

"Bí èmi àti olè bá jọ ra búrẹ́dì níbì kan náà, ṣé búrẹ́dì ló jalè?"

"Aṣáájú wa wá dolè!"

"Mo ní 'bí.'"

"Ẹ gbọ́ bí àdúrà rẹ̀ ṣe gùn tó?"

"Mo gbọ́. Bó bá wọlé, màá máa fara da àdúrà yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àdúrà ni mo fẹ́ gbà á fún."

Onígbàjámọ̀ gbọ́ ọ lójú fèrèsé, inú bí i. "Wọ́n ti gbà ọ́ mọ́ wa lọ́wọ́!"

"Ta ni ẹ̀yin?"

"Àwa tí a kì í lọ!"

"N ò rántí ọjọ́ tí a jọ ṣèpàdé àìlọ."

Onígbàjámọ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.

Alágbàfọ̀ wá kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Mo ti fún ọ ní ìdí. Ṣé ó tó?"

Ìyá Ìbejì ń rán bọ́tìnnì lọ́wọ́. Ó rán an tán, ó fi eyín gé òwú. "Ó tó. Ó tó dáadáa. Ṣùgbọ́n n kò ní dìbò fún un."

"Ìwọ lo ní ẹni tí mo bá mú..."

"Inú ló ń bí mi lọ́jọ́ yẹn. Agbẹjọ́rò ni màá dìbò fún."

"Ẹni tó ṣe àmín?"

"Òun ni. Nílé aṣòfin, òun ló gbé òfin àwọn opó dìde, tí ẹbí ọkọ kò fi lè lé obìnrin jáde nílé mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣì ń sùn nínú yàrá tí ọkọ rẹ̀ kọ́. Òfin yẹn ló jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́wọ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n, Bàbá Ìbejì, àbàwọ́n nìkan kọ́ là ń wò lára aṣọ. A tún ń wò ó bóyá ó bo ènìyàn."

Alágbàfọ̀ ká ẹ̀wù tó wà níwájú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé inú òun kò bàjẹ́.

"Ìwọ nìkan lo rò ó?"

"Ta ni ì bá bá mi rò ó? Aṣáájú wa ti wà lọ́dọ̀ Olùkọ́, ẹ̀yin náà ti bá a débẹ̀. Ó ku èmi."

Ní ọjọ́ ìdìbò, wọ́n jọ ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jọ lọ. Títí wọ́n fi dé ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń dìbò, wọ́n ń jiyàn. Alágbàfọ̀ ní òfin kan kò tó fi ṣe ààrẹ. Ìyàwó rẹ̀ ní jíjẹ́wọ́ ẹ̀bi kan ṣoṣo náà kò tó o. Obìnrin tó tò síwájú wọn yíjú padà.

"Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ẹ óò kàn pa ìbò ara yín rẹ́ ni. Ẹ ò ṣe kúkú padà sílé?"

"Ìyá, a ò lè padà," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ó ti pẹ́ tí mo fẹ́ ọkùnrin yìí, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá a jà lórí ọ̀rọ̀ gidi."

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Ẹnjiníà ló wọlé.

Tọmọdé tàgbà ló ń kí alágbàfọ̀ lójú títì lọ́jọ́ náà. "Kò-sí-ńbẹ̀, kú oríire o! Tìrẹ wọlé!" Wọ́n rò pé kò tún sí ẹlòmíràn tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè mú. Onígbàjámọ̀ sáré dé ojú fèrèsé, ìfófòó ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbàgbé ìbínú.

"A wọlé! Kò-sí-ńbẹ̀, a ti wọlé!"

Alágbàfọ̀ na ọwọ́ sí i, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọṣẹ tòun ti ọwọ́. "Kú oríire. Tìrẹ ló wọlé. Tèmi ṣe ipò kẹta."

"Tèmi ṣe ipò kejì," ni Ìyá Ìbejì wí látìdí àga rẹ̀. "Ó fi díẹ̀ sàn ju tiyín lọ."

"Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò gbọ́ ohun tí Olùkọ́ sọ lórí rédíò."

"Wọ́n gbọ́. Wọ́n ń retí kí àdúrà parí ni."

Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín, àdéhùn tàbí kò sí àdéhùn. Ó wọ́n omi sórí ẹ̀wù tó kàn, ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó ní kí ìyàwó òun tún àlàyé òfin opó yẹn ṣe fún òun, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ibì kan wà níbẹ̀ tí kò tíì dá òun lójú.