Ẹ̀dọ̀ Tí Ajá Kò Jẹ

Zapryan Kehayov ni orúkọ rẹ̀, kò sì ní ajá. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti fi ń tọ́jú ajá àti ológbò àwọn ará abúlé Lipova, àti ti abúlé mẹ́rin mìíràn tó wà lórí òkè kan náà, ṣùgbọ́n nínú àgbàlá tirẹ̀, adìyẹ nìkan ló wà níbẹ̀.

Kì í ṣe dókítà. Ilé-ìwé ọdún méjì ló lọ, wọ́n sì fún un níwèé pé ó lè gún ẹranko lábẹ́rẹ́, pé ó lè di ọgbẹ́, pé ó lè fúnni lóògùn. Àwọn ará abúlé ò ya èyí sọ́tọ̀. Dókítà ni wọ́n ń pè é. Dókítà gidi wà nílùú tó wà nísàlẹ̀ òkè, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń gòkè wá fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ajá á tò síwájú ilé ìjọba, èyí tó fẹ́ gbó á gbó, èyí tó fẹ́ jà á jà. Zapryan á di orí ajá mú, dókítà á gún un lẹ́yìn ọrùn, Zapryan á kọ ọ́ sínú ìwé. Sharo ni ọ̀pọ̀ ajá wọn ń jẹ́: Sharo ti Dimo. Sharo ti Nedko. Sharo ti opó Kina. Tí wọ́n bá bi í lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pé Sharo wo ni etí ẹ̀ ya, á sọ ọ́.

Ní ti ológbò, inú àpò ìrọ̀rí ni wọ́n ń gbé e wá bá a, orí nìkan á yọ síta. Òun ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí ológbò mẹ́ta ti họ ọ́ lójú lọ́dún kan. Orí tábìlì ilé ìdáná ló ti ń tẹ akọ ológbò lọ́dàá. Bí o bá bi í pé, "Ṣé yóò yè?" á ní, "Bóyá." Bó bá ní yóò yè, o lè lọ bu wàrà sílẹ̀ fún ológbò ẹ.

Ohun kan ṣoṣo ni kò gún régé lára ọkùnrin yìí. Àwọn ará Lipova gbà pé béárì ló fa ikùn rẹ̀ ya. Àpá wà níbẹ̀ lóòótọ́, láti abẹ́ ìhà ọ̀tún títí dé ẹ̀gbẹ́ ìdodo. Manol Chaushev, ọdẹ, ló kọ́kọ́ rí i, lọ́jọ́ tí wọ́n jọ ń fọ àgùntàn lódò, ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Manol ní, "Béárì nìyẹn, àbí?" Zapryan ò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìtàn ti dé ilé ọtí. Kó tó di ọdún kejì, béárì náà ti di abo, ó ti bí ọmọ méjì, Zapryan sì ti fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé wàràkàṣì lé e lọ. Àwọn ọdẹ ń ra rakíà, ọtí líle ilẹ̀ wọn, fún un. Wọ́n ń pè é jókòó sáàárín àgbà níbi tí wọ́n ti ń pín ẹran ìgbẹ́. Zapryan ń mu rakíà wọn, ó ń jẹ ẹran wọn, kò sì la ẹnu.

Ní òpin oṣù kẹwàá, tí ọjọ́ Dimitar mímọ́ bá ti kọjá, àwọn darandaran á kó agbo sọ̀kalẹ̀, oníkálukú á sì pa àgùntàn tó ti gbó, tí kò ní lè la òtútù já. Ìgbà yìí ni Zapryan kì í sinmi. Ó ní garawa oníderí kan. Ojúlé dé ojúlé ló ń gbé e lọ, á gba ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró tí kò dára, á lọ rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn itẹ́ òkú, nínú ihò tó jìn dé àyà, á da ẹfun lé e. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé adìyẹ ẹ̀ ló ń se ọbẹ̀ fún. Àwọn kan ń fún un. Àwọn kan á fún un ní ẹ̀dọ̀ tó dára kó lè tètè lọ, tó bá lọ tán, wọ́n á ju èyí tí kò dára sájá. Nǹkan kì í ṣòfò ní Lipova.

Lọ́dún tó pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó dé àgbàlá Velika ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Opó ni Velika. Manol ọdẹ yìí kan náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó kú, òun ló máa ń bá a pa ẹran. Stanka, ọmọ Velika, wà ní Sípéènì níbi tó ti ń ká èso nínú oko olóko, ó sì fi ọmọ rẹ̀, Rada, ọmọ ọdún mẹ́fà, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ajá kékeré funfun kan wà nínú ilé náà, Topka. Òun àti Rada ló ń sùn lórí ìrọ̀rí kan. Zapryan mọ̀. Ó ti wà nínú ìwé rẹ̀: Topka, abo, funfun, inú ilé, pẹ̀lú ọmọ.

Wọ́n ti so àgùntàn kọ́ igi àsálà, Manol ti là á. Rada gbé àwo páànù kan dání ní ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀dọ̀ kún inú rẹ̀, ó ń rìn lọ bá Topka. Ajá náà jókòó, ìrù ẹ̀ ń gbá ilẹ̀.

Zapryan ò pariwo. Ó rìn dé àárín ọmọ àti ajá, ó gbé garawa kalẹ̀ níbẹ̀, ó ṣí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Rada, dà á síbí."

Rada wo ojú Manol.

"Dókítà, kú àbọ̀," ni Manol wí. "Gbé garawa ẹ kúrò lọ́nà ajá."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wo ẹ̀dọ̀ yẹn?"

"Mo wò ó. Ẹ̀dọ̀ ni."

"Àpò omi mélòó ló wà lára ẹ̀?"

"Èmi ò kàwé. Ó pọ̀."

"Méje. Mi ò tíì ka ti inú."

"Àgùntàn tó bá ń mu omi yìnyín, omi á dúró sẹ́dọ̀ ẹ̀. Bàbá bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Aràn ni. Ajá á jẹ ẹ́, á dàgbà nínú ìfun ẹ̀, á máa yé ẹyin. Ajá á lá ìdí, á fi ẹnu kan náà lá ara. Ẹyin á wà nínú irun ẹ̀. Ọmọ á fọwọ́ pa á lórí, á fi ọwọ́ yẹn jẹun."

"Láti ìgbà tí mo ti ní eyín lẹ́nu lo ti ń wí èyí."

"Ẹ ò ní eyín mọ́, ó ṣì ń wí i," ni Velika sọ. Ó ń fọ ìfun nínú agbada, kò gbójú sókè.

Manol ò rẹ́rìn-ín. "Nílé yìí, ajá ló ń kọ́kọ́ jẹ. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yìnyín ńlá, ajá bàbá bàbá mi ló dá ìkookò dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Látìgbà náà, ẹni tó kéré jù nílé ló ń gbé oúnjẹ ẹ̀ fún un kí ènìyàn tó fẹnu kan ẹran. Bàbá bàbá mi gbé e, bàbá mi gbé e. Aràn ò pa ọ̀kankan nínú wọn. Rakíà ló pa wọ́n."

"Ojú bàbá yín dà bíi pupa ẹyin lọ́dún tí wọ́n kú."

"Rakíà ni."

"Bóyá."

Velika nu ọwọ́. "Zapryan, oògùn tí o ń fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ńkọ́? Ṣebí tìtorí ẹ̀ náà ni. Kó jẹ oúnjẹ ẹ̀, kó lo oògùn ẹ̀, ká sinmi."

"Ṣé ó ń lò ó?"

Velika padà sídìí agbada.

"Ó ń tu ú," ni Rada dáhùn. "Màmá àgbà á wá fi í sínú ife orí pẹpẹ. Ó ti di mẹ́ta."

"Mo tọ́ ọ wò," ni Velika wí. "Ó korò. Ajá náà ń wò mí bíi pé mo fẹ́ pa á."

Mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún nìyẹn. Zapryan ṣírò rẹ̀ kó tó béèrè èyí tó kàn. "Nígbà tí ẹ pa àgùntàn lóṣù keje, ṣé ó jẹ nínú ẹ̀dọ̀ ẹ̀?"

"Kí ló fẹ́ jẹ, koríko?" ni Manol wí. "Rada ló gbé e fún un. Ó sì tún ń gbé e fún un lónìí. Rada, lọ fún ajá lóúnjẹ."

Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ láti yí garawa ká.

Zapryan wo àwo náà. Ó wo Manol. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, àwọn ọdẹ máa pín ìmàdò, àga rẹ̀ sì wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Manol. Ó sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀ lórí ìtì igi, ó tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n Manol, ẹ̀yin lẹ mọ béárì. Èékánná mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ kan?"

"Márùn-ún. Kí ló kan ìyẹn?"

"Ẹ ka ìlà tó wà níbí."

Manol ò kà á. Velika ló wá, ó tẹ orí wò ó. "Ọ̀kan ni," ó ní.

"Ẹ sún mọ́ ọn. Àmì kéékèèké wà lápá méjèèjì. Mọ́kànlá níbí, mọ́kànlá lọ́hùn-ún. Béárì kì í mú abẹ́rẹ́ àti òwú rìn."

Manol nu ọ̀bẹ rẹ̀. Ó yí i padà, ó nu apá kejì. Ọ̀bẹ náà ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ọsibítù Plovdiv ni wọ́n ti là mí," ni Zapryan wí. "Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Mo ní ajá kan tó ń jẹ́ Karo láti ìgbà tí mo wà bíi Rada yìí, a jọ ń sùn nínú ahéré àgùntàn. Èmi ni mo máa ń gbé ẹ̀dọ̀ fún un. Dókítà fi ohun tó yọ nínú mi hàn mí nínú bàsíà, ó tó ọsàn ńlá. Ó ní yóò ti lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dùn mí lọ́jọ́ kan, àfi ìgbà tó kù díẹ̀ kó bẹ́."

"Karo ńkọ́?" ni Rada béèrè.

"Kí n tó ti ọsibítù dé, bàbá mi ti yìnbọn pa á." Ó sọ ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀. "Karo ò ṣẹ̀. Ohun tí mo gbé fún un ló jẹ."

Topka dìde, ó rí i pé oúnjẹ kò bọ̀, ó tún jókòó.

"Mo bi ọ́ lódò lọ́jọ́ yẹn," ni Manol wí.

"Ẹ bi mí bóyá béárì ni. Ẹ ti ra rakíà kí n tó dáhùn."

"Ogójì ọdún ni mo ti ń sọ ìtàn yẹn, Zapryan. Mo ti mú àwọn ará ìlú Sófíà lọ wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Mo fi igi hàn wọ́n. Àmì èékánná wà lára igi náà."

"Ibẹ̀ ni màlúù Nedko ti máa ń họra."

Velika rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ tó tutù bo ẹnu. Nígbà tó mú ọwọ́ náà kúrò, ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. Rada ló ń wò.

Manol gba àwo lọ́wọ́ ọmọ. "Ajá ló ń kọ́kọ́ jẹ nílé yìí," ó ní, bíi pé ẹnì kan fẹ́ bá a jiyàn. Ó da ẹ̀dọ̀ sínú garawa. Ó padà sídìí igi, ó gé ẹran lára itan, ibi tó dára jù, ó fi sínú àwo. "Dókítà, ṣé omi wà nínú èyí?"

Zapryan wò ó. "Kò sí. Síbẹ̀, ẹ bọ̀ ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bu oúnjẹ ajá sínú àwo yìí lónìí o," ni Manol wí. "Ṣé kí n fi ata sí i?"

"Ẹ fọ àwo náà. Ata ò pọn dandan."

Kí ẹran tó jinná, Zapryan pe Velika wá kúnlẹ̀ ti ajá. Ó la ẹnu Topka, ó ti oògùn dé ìdí ahọ́n, ó pa ẹnu náà dé. Ó gbé ọwọ́ Velika lé ọ̀fun ajá. "Pa á wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Má wo ojú ẹ̀, imú ẹ̀ ni kó o máa wò. Tó bá ti lá imú, ó ti gbé e mì." Wọ́n dúró. Topka lá imú. Zapryan kọ ọ́ sínú ìwé.

"Ọjọ́ mẹ́ta, kó sùn níta," ó ní. "Ìgbẹ́ ẹ̀, ẹ sun ún. Ẹ se aṣọ ìbùsùn. Kí ọmọ máa fọ ọwọ́ kó tó jẹun, lónìí àti lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí òní, màá wá wo imú náà fúnra mi."

Velika ò tíì dìde. "Ṣé ó wà lára ọmọ mi?"

"Mi ò mọ̀."

"Sọ pé kò sí."

"Mi ò mọ̀, Ìyá Stanka. Ti oṣù keje ò ní tíì hàn. Ṣùgbọ́n ọdún mélòó lẹ ti ń fún ajá lẹ́dọ̀? Ẹ̀rọ kan wà nílùú tí wọ́n fi ń wo inú, kì í dun ènìyàn. Lọ́jọ́bọ̀ ni mọ́tò ń sọ̀kalẹ̀, màá bá yín lọ. Lọ́dọọdún ni ká máa lọ. Tó bá wà, tí wọ́n bá tètè rí i, ó lè jẹ́ oògùn nìkan ni wọ́n máa fún un, kò ní kan ọ̀bẹ."

"Kí ni kí n wí fún Stanka?"

"Ohun tí mo wí fún ọ."

Rada gbé ẹran bíbọ̀ lọ fún Topka, ó dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló lọ sídìí ẹ̀rọ omi, kò sẹ́ni tó rán an, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀.

Manol bu rakíà sí ife méjì, ó gbé ọ̀kan síwájú Zapryan lórí ìtì igi.

"Kò sí béárì mọ́ o," ni Zapryan wí.

"Mo gbọ́. Mu ún."

Ó mu ún.

"Àwọn ọdẹ ńkọ́?" ni Manol béèrè. "Ta ló máa sọ fún wọn?"

Zapryan pa ìwé rẹ̀ dé, ó fi bọ àpò. Ó dé garawa, ó fi ọwọ́ tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dìde.

"De bọ́tìnnì ẹ," ni Velika wí, "òtútù ń bẹ níta."

"Nedko ń pa àgùntàn méjì lónìí, òun náà á ka àmì wọ̀nyẹn," ni Zapryan dáhùn. Ó gbé garawa rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, kóòtù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.