Òyìnbó Tó Kí Wa ní Sannu

Láàárọ̀ yìí ní Tudun Wada, Zaria, kẹ̀kẹ́ kan gbé orin àwọn òyìnbó tí Dádì fẹ́ràn kọjá: gìtá ń bínú, ìlù ń pè wá síjó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo ṣì kéré, kásẹ́ẹ̀tì wọn ń kọrin ní pálọ̀ wa. Màmá dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri. Dádì rọra sọ fún un pé, "Àwọn olórin yìí túká rí, wọ́n sì tún kóra jọ."

Akọrin wá pariwo ohun tó dún létí mi bíi "Sannu!" Èmi ọmọ Zaria, mo rò pé ó ń kí wa ní Haúsá. Mo dáhùn kíá: "Yauwa, sannu!"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Áà, àlejò ń kí wa, mo wá kẹ̀yìn sí i!" Ó dìde, ó fà mí lọ́wọ́, a jó.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tí àbúrò mi ti kú.

Kẹ̀kẹ́ àárọ̀ yìí ti ń lọ kí akọrin náà tó tún ké "Sannu!" Mo ṣì dáhùn: "Yauwa!"