Pélé Ìyá Mi Nínú Àwòrán Tútù

Ìyá mi kò ní àwòrán ìyá tirẹ̀ kankan. Pélé mẹ́ta mẹ́ta tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá àgbà, irú rẹ̀ gan-an ló wà lójú tirẹ̀. Ohun tó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi ní Ṣàgámù nìyẹn: ó ní kí n ya òun, kí àwọn ọmọ-ọmọ òun tí kò kọlà lè mọ ojú tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá.

Mo yà á, mo yí kámẹ́rà sí i. Ó wò ó títí.

“Ta nìyí?”

“Ẹ̀yin ni, Màámi.”

“Èmi kẹ̀? Omidan tó ń polówó ọṣẹ nìyí! Níbo lo kó ilà mi lọ?”

Lóòótọ́ ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ dán bí ìgò. Kámẹ́rà òde òní kì í dúró de ẹni. Bó bá ti ya àwòrán tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sè é, tí yóò fi iyọ̀ sí i, tí yóò bù ú síwájú ẹni. Ó rí pélé, ó pè é ní àbàwọ́n, ó nù ún dànù. Àwọn oníbàárà mi kúkú fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ti ṣètò tèmi kó máa tọ́jú àwòrán tútù, tí òun kò tíì fọwọ́ kàn, sápá kan.

Mo ṣí tútù náà lórí kọ̀ǹpútà. Ó ṣú, ó rí bàìbàì, n kò rí ilà kankan.

Ìyá mi, tó ti ń ta gbàǹja láti kékeré, fa àga mọ́ mi. “O ò tíì bó o ni. Ṣé bí obì ṣe jáde nínú èèpo la ṣe ń gbé e lọ sọ́jà? A ó rẹ ẹ́ sómi ná, kí awọ funfun yẹn tó ṣí. Ẹni tó bá kánjú á fi èékánná ha obì.”

Mo ń fa ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀.

“Rọra, ọkọ mi!”

Pélé kan yọ. Òmíràn tẹ̀lé e. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n tún fẹ́ sá, mo dá a padà. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ìyá mi fi ìka kan sẹ́rẹ̀kẹ́ àwòrán, ó fi òmíràn sí tirẹ̀, ó ń wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Wọ́n pé. Gbé kámẹ́rà, ó di àdúgbò Ijoku, lọ́dọ̀ àbúrò mi.”

A bá àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa obì. Ó gba àwòrán.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mà ti gbó o!”

“Ojú ìyá wa lò ń bú yẹn.”

Ó gbé e súnmọ́ ojú, ìyá mi sì ròyìn fún un bí a ṣe wá pélé náà rí nínú àwòrán tútù. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó tún gèlè ṣe, ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí mi.

“Tútù ni kí o ya tèmi o.”