Okun Tí Kò Ní Àmì

Ìyá Aránṣọ kì í fi àmì ohùn ṣeré. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ṣì kéré, bó bá kọ̀wé láìfàmì sí i, ìyá a ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìhòòhò lo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn jáde?" Ọmọ dàgbà, ó relé ọkọ lókè òkun. Lẹ́tà rẹ̀ a máa dé tòun ti àmì, ó wọṣọ pé.

Ìgbà tí wọ́n gbẹ́lẹ̀ àdúgbò, tí wọ́n ri okùn íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, lẹ́tà dópin. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ìyá àtọmọ a máa wojú ara wọn nínú fóònù. Ìyá rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kí ìwọ́ rẹ̀ tó já. Ó dúpẹ́ nínú ìjọ, ó jó.

Àfi báwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà ṣe ṣá okùn náà já. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló kù, ọmọ kì í sì í fàmì sí ìyẹn. Lọ́jọ́ kẹjọ, ọ̀kan wọlé: "Mama ko si okun mo."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Okùn tiwọn náà ti já!" Ó fèsì: "Mú sùúrù, wọ́n á tún un ṣe." Ó padà sídìí maṣíìnì.

Nígbà tí ọkùnrin tó ń tún okùn ṣe dé, Ìyá kò dá a sí. "Ẹ̀yin lẹ ní ó yá ju mànàmáná. Ṣé ìgbín ló gbé e bọ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ pè wò."

Ìyá pe ọmọ rẹ̀. Ojú tó yọ nínú fóònù ti rù. Irun kò róòyà, ọmọ ń ké léjìká rẹ̀.

"Màmá, ẹ ní kí n mú sùúrù, wọ́n á tún un ṣe." Ó gbé ọmọ sí èjìká kejì. "Iṣẹ́ ọkọ̀ ẹrù ti gbé ọkọ mi lọ sọ́nà jíjìn. Ọmọ ò sùn, èmi ò sùn. Ta ni yóò tún mi ṣe?"

Okun inú ara ni. Kì í ṣe okùn.

Ọjọ́ mẹ́fà nìyẹn tí Ìyá ti ń kúnlẹ̀ láràárọ̀, tó ń dárúkọ ọmọ yìí. Olúwa, O gbọ́, O ò sọ fún mi? Ìyá nawọ́ sí ojú fóònù, dígí tútù ló bà. Okùn gbé ojú wá, kò lè gbé apá rẹ̀ lọ.

"Ọmọ mi, mo ṣì í kà ni."

"Èmi ni mi ò wọṣọ fún un, Màmá." Ó rẹ́rìn-ín tomijétomijé.

"Dùbúlẹ̀. Gbé ọmọ sáyà. Fi fóònù ti ìrọ̀rí."

Ìyá gbé tirẹ̀ ti maṣíìnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kẹkẹkẹ, kẹkẹkẹ, ìró tí ọmọ rẹ̀ fi ń sùn ní kékeré. Igbe ọmọ-ọwọ́ rọlẹ̀. Kò pẹ́, tòun tìyá rẹ̀ sùn lọ.

Ìyá rán aṣọ oníbàárà tán, kò dúró. Ó fa àkísà kan yọ, ó ń rán an lọ, ó ń rán an bọ̀, kí ìró náà má baà dákẹ́.